Ààlà Tí Mo Fi Rúlà Fà

Àlejò dé bá wa ní Ìrẹ̀mọ lóṣù Ògún,
òjò ti pa á, bàtà rẹ̀ ń sunkún.
Àtàkpàmé ló ti wá. Ó ní Ifẹ̀ ni baba ńlá àwọn ti ṣí lọ,
òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i kí ojú náà tó di bàìbàì.
Ó yọ káàdì lápò: Ọládòkun ni,
ṣùgbọ́n Faransé ti ki lẹ́tà kan bọ̀ ọ́ láàárín
bí òkúta inú ẹ̀wà.
Kò tíì jókòó tán tó fi bi mí:
"Kántọ́nù wo lẹ̀ ń gbé níbí?"

Mo ní, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Ó ní ìjọba ló gé ilẹ̀ bí ẹni gé iṣu àsáró,
ègé kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀, àti sítáǹbù.
Ó ní ọmọ òun tó ń fọ àwo ní Suwisaláńdì
kọ̀wé pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni tiwọn lọ́hùn-ún,
pé nínú òmíràn, ìta gbangba ni wọ́n ti ń dìbò,
wọn a nawọ́ sókè,
òtútù a máa bù wọ́n níka jẹ.
Ó ní igun ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí láyé àtijọ́.
Mo ní, ó dáa, orígun ni tiyín, orírun ni tiwa.
Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìbéèrè rẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó bi náà ló bi.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀,
èmi Morádéyọ̀, Ìyá Máàpù.
Lọ́dún tí wọ́n ní ká tún ilẹ̀ yà,
orí tábìlì mi ni wọ́n tẹ́ ìwé ńlá náà sí.
Rúlà onígi ni mo fi fà á. Etí rẹ̀ yán níbì kan,
eku ló jẹ ẹ́ ni, àbí ọmọ ló gé e, n kò mọ̀.
Níbi tó ti yán ni pẹ́ńsù ti yẹ̀,
ìlà yà bàrá, kò ju ìka kan lọ.
Ọ̀gá wo aago. Ó ní, "Ó ti tó. Fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́."

Ìka kan lórí ìwé:
lórí ilẹ̀, ilé Bàbá Fámúrewà ni,
àti kànga, àti ìdí àgbálùmọ̀.
Yàrá rẹ̀ bọ́ sí Àárín Gbùngbùn, ṣáláńgá bọ́ sí Ìlà-Oòrùn.
Abẹ́ alága kan ló ń sùn,
abẹ́ èkejì ló ń yàgbẹ́.
Lóru, tòun ti fìtílà, á ti ìjọba kan bọ́ sí òmíràn,
aṣọ ìbora léjìká, aṣọ́bodè kankan ò bi í léèrè.
Àlejò mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
ní Sẹ̀mẹ̀ nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sanwó.

N kò sọ ìyókù fún un.
Pé lọ́jọ́ ìbò, ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn odò
ni orúkọ Bàbá wà,
bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibùdó kan ń bẹ nítòsí
tí wọ́n ti lè gbọ́ bó ṣe ń hanrun.
Ó fi ọ̀pá rìn ín, arúgbó ọgọ́rin ọdún,
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà kẹta ó jókòó sójú ọ̀nà,
ó ní kí àwọn tó ń kọjá bá òun kí ìjọba.
Kò mọ̀ pé èmi tí mo bu omi fún un mu ni.

Nírọ̀lẹ́, àlejò ní kí n mú òun lọ wo ààlà náà.
Èmi tí mo fà á, n kò rí i.
Wọ́n ti da kọnkéré bo gọ́tà, àgbálùmọ̀ ti wó,
ewúrẹ́ kan sùn, orí níbí, ìrù lọ́hùn-ún,
ó ń jẹ àpọ̀jẹ.
Àlejò ń fi ẹsẹ̀ tú iyanrìn bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ibí ni?" Bóyá ibí. "Àbí ọ̀hún?"
Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó wé e mọ́ áńkáṣíìfù,
kò bi mí pé ti ìhà wo ni.

Rúlà náà ṣì wà nínú dúróà mi.
Nígbà míràn mo máa ń ti ìka bọ ibi tó ti yán.
Ó gbà á gẹ́lẹ́.